Orin Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn Odi

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré, kì í ṣe ejò ni mo bẹ̀rù jù lọ, kì í sì í ṣe òkùnkùn. Orin kan ni. Ọ̀sán gangan ni mo sábà máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí oòrùn bá mú, tí àwọn àgbà ti lọ sóko, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá arúgbó kan ló máa ń kọ ọ́ nídìí òfì rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà, tí mo sì mọ̀ pé orin yẹn ló kàn, ara mi á bù máṣọ, síbẹ̀ n kò ní dìde kúrò níbẹ̀.

Ìlú wa kò tóbi. Àárín Aramọkọ àti Ìjerò ló wà, a sì máa ń rí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì ń gbé ibẹ̀, a sì jọ ń kí ara wa. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, àwa àti ìyá tí mò ń sọ yìí. Aṣọ kíjìpá ló ń hun, lórí òfì àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ tó bí kò sì dúró. Òun ló ṣáájú àwọn obìnrin tó ń kọ alámọ̀ ní ìlú wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn àti Èkó lè má mọ alámọ̀. Orin àwọn obìnrin Èkìtì ni, tí a fi ń sìnkú, tí a fi ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ. Ẹnì kan á máa dá a, àwọn yòókù á máa gbè é. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń gbè é fún un. Ẹ má sì bínú pé mò ń sọ pé "ó" nípa àgbàlagbà báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nígbà náà, inú ohùn ni ọ̀wọ̀ wà.

Orin tí mo ní ó ń dẹ́rù bà mí yìí dá lórí olóyè kan tó gbé ayé nígbà ogun, kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Wọ́n ní odi gíga yí ìlú wa ká nígbà náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn débi pé ọkùnrin mélòó kan ló máa ń tì í. Ogun dó ti ìlú, kò rí i wọ̀. Oúnjẹ ń tán, omi ń tán, àmọ́ odi kò wó. Àfi bí wọ́n ṣe jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilé jó, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú gba ọ̀nà tí wọn kò gbà padà mọ́. Orin náà kò dárúkọ ẹni tó ṣí i. Ohun tí ìyá náà máa ń dá kò ju èyí lọ:

Ta ló ṣílẹ̀kùn odi?
Ọwọ́ tó bá wa jẹun ni.
Ta ló fọ̀nà han ogun?
Ẹsẹ̀ tó bá wa jó ni.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ lálẹ́, tí gbogbo wa yí abọ́ iyán ká, n kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni mò ń wò. Mo wo ọwọ́ bàbá mi tí ọkọ́ ti sọ di líle. Mo wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó máa ń yára fa ẹran. Mo wo ti ìyá mi. Mò ń rò ó pé èwo nínú wọn ni yóò dìde lọ ṣílẹ̀kùn bí ogun bá tún dé. Ìyá mi á ní kí ló dé tí n kò jẹun, n kò sì lè sọ fún un.

Mo fẹ́ràn ìwé púpọ̀ nígbà náà. Ìwé ìtàn tí a ń kà ní ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà kún fún àwọn ènìyàn abàmì. Ọba òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń bẹ́ àwọn ìyàwó rẹ̀ lórí. Òyìnbó mìíràn sì wà tó rìn káàkiri ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà jíjìn tó ń wá ibi tí odò ti ṣàn wá, títí ibà fi pa á. Mo ka gbogbo wọn láìgbọ̀n. Ọ̀nà wọn jìn, wọn kò lè wá mi rí. Mo bi tíṣà wa léèrè lọ́jọ́ kan bóyá olóyè tó ṣílẹ̀kùn odi wà nínú ìwé. Ọmọ Ìkòrò ni tíṣà náà, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó rò ó díẹ̀, ó sì sọ fún mi pé kò sí ẹni tó tíì kọ ọ́, ẹnu àwọn ìyá wa nìkan ló wà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé dákẹ́ síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ló ń ṣí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú orin, òun ló ń wá ènìyàn wálé.

Orin náà sì wá ilé wa dé lóòótọ́, ní àwọn ọdún tí òṣèlú dàrú mọ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lójú. Ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ìgbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í kí ara wọn, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé ẹni tí kò bá ṣe ẹgbẹ́ wọn. Bàbá kan wà ní ìlú wa tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ní mọ́tò. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti gbogbo ìlú jọ wà. Òun ló ń ṣáájú wọn lọ sí ìpàdé ní Ìjerò, òun ló ń bá wọn jó. Nígbà tó di pé ìbò ń súnmọ́, ó yí padà, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ kejì, àwọn tó wà lórí ìjọba. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, mọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọkùnrin tí a kò mọ̀ rí wọ ìlú.

Ohun tí kò sí ẹni tó ń sọ síta, ṣùgbọ́n tí gbogbo àgbà mọ̀, ni pé ọmọ ilé olóyè inú orin yẹn ni bàbá oníkòkó yìí. Àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀, ẹ fojú inú wò ó. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń kọjá, wọ́n á dákẹ́ títí yóò fi lọ síwájú díẹ̀, ẹnì kan á wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ló ṣílẹ̀kùn odi?" Àwọn yòókù á dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri, láti inú igbó kòkó, láti ojú odò. Orin àwọn ìyá ti di orin ìjà. Bàbá mi ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu wa, kódà bí a bá ń ṣeré.

Mo wà lọ́dọ̀ ìyá náà ní ọ̀sán kan, mò ń bá a ká òwú, nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọlé. Èyí tó ṣíwájú nínú wọn kí i pẹ̀lú Yorùbá àwọn ará Ìbàdàn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ni gálọ́ọ̀nù kan wà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó rọra gbé e sí ìdí òfì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ òwú, láìwo ibẹ̀ rárá. Òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo inú ilé. Wọn kò pariwo, wọn kò búra. Ẹni tó ṣíwájú yẹn ní bàbá oníkòkó ní kí àwọn wá kí ìyá, pé bàbá sì ní orin yẹn ti tó.

Ìyá dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Wọ́n fi gálọ́ọ̀nù náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìyẹn ló burú jù. Bí wọ́n bá gbé e lọ ni, à bá ní wọ́n ti lọ. Bàbá mi dé láti oko, ó wò ó láti ẹnu ọ̀nà, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní bí òun bá gbé e, tí ilé ẹnikẹ́ni sì jó ní ìlú, wọn yóò ní ọwọ́ òun ni wọ́n ti rí bẹntiróòlù. Kò sí aládùúgbò kankan tó gbà láti gbé e jáde. Níkẹyìn ìyá fi agbọ̀n bò ó, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, igi tó fi ń lu òwú mọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri wa, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, láìsí orin. Mo rò pé ọkàn mi yóò balẹ̀ nígbà tí orin bá dákẹ́. Kò balẹ̀. Mo máa ń jí, kí n máa gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àgbà obìnrin kan ní àdúgbò wa kú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sin irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìsí alámọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè dá a yàtọ̀ sí ìyá náà. Bàbá mi bẹ ìyá mi pé kó má lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá mi ń wé gèlè rẹ̀ lọ. Ó ní, "Bí n kò bá lọ, ta ni yóò gbè é fún un?" Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú, mo tẹ̀ lé e.

Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń ṣe òkú náà. Bàbá oníkòkó wá, nítorí ìbátan ìyàwó rẹ̀ ni olóògbé. Ó jókòó sí apá kan pẹ̀lú àwọn ọkùnrin rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn ọ̀dọ́ ìlú dúró ṣù, wọn kò jókòó, mo sì rí i pé àwọn kan nínú wọn fi aṣọ bo nǹkan gígùn lábẹ́ abíyá. Ìyá kí òkú, ó kí àwọn ọmọ òkú, ó kí ọba. Ohùn rẹ̀ dára bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sinmi, ẹnì kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní kó kọ orin ilẹ̀kùn. Òmíràn tún sọ ọ́. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ń sọ ọ́ pọ̀. Àwọn ọkùnrin tó jókòó ti bàbá oníkòkó dìde.

Mo wo ìyá mi. Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

Ìyá kò wo apá kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà bí ó ṣe máa ń ṣe é nílé, jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin gbè é, ohùn ìyá mi wà láàárín wọn. Nígbà tó dé ibi ẹsẹ̀ tó bá wa jó, níbi tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti ń parí, kò dúró. Ó ń bá a lọ sí ibi tí a kò gbọ́ rí. Ó kọrin pé olóyè náà ní ọmọbìnrin kan. Pé àwọn ọmọ ogun mú ọmọ náà lójú odò. Pé wọ́n gbé e wá sí ìta odi kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́ ẹkún rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju ilẹ̀kùn lọ. Àwọn obìnrin kò mọ bí wọn yóò ṣe gbè é mọ́, wọ́n dákẹ́, òun nìkan ló ń dá a. Ó ní wọ́n dá ọmọ náà padà. Ó ní ọmọ náà dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ obìnrin kan.

Ó wá kọjú sí bàbá oníkòkó. Kò kọrin mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ lásán, ní èdè ilé wa tí ilé ń jẹ́ ulé. Ó ní, "Ọmọ náà ló bí ìyá mi. Ulé wa ni mò ń kọ lórin, kì í ṣe tìrẹ nìkan."

Bàbá oníkòkó dìde. Mo pa ojú mi dé. Gbogbo wa ń retí ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, ó sì rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó bi í léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí olóyè náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá ní, "Kò bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́ títí tó fi kú. Kò sí ẹni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ni kò lè nawọ́ sínú abọ́."

Bàbá oníkòkó mi orí, ó sì rìn jáde. Àwọn ọkùnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò wo ara wọn lójú. Orin tí wọ́n fi ń bú u ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá oníkòkó kò padà sínú ẹgbẹ́ àtijọ́, bóyá ó ti jìn jù, bóyá ẹ̀rù àwọn tó gbà á sọ́dọ̀ ń bà á. Wọ́n dìbò, àwọn ènìyàn ní ìjọba jí ìbò, gbogbo ilẹ̀ gbiná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti yọ, mo rí èéfín tó dúdú bí ọ̀dà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sá gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n lọ. Ìyàwó rẹ̀ kékeré àti ọmọ ọwọ́ ni kò rí àyè bá a lọ. A gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń sáré gba ẹ̀yìnkùlé, a gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìyá ṣí, tó sì tún tì.

Àwọn ọ̀dọ́ dé kété lẹ́yìn náà. Ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Inú yàrá wa ni a ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n, àwọn kan ti gbé mi pọ̀n rí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí ju ti àwọn àjèjì lọ. Wọ́n ní kí ìyá yọ obìnrin náà jáde. A gbọ́ tí ìyá fa àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, tó jókòó lé e. Láti inú ilé, ọmọ ọwọ́ náà sunkún lẹ́ẹ̀kan, nǹkan sì bò ó lẹ́nu. Gbogbo wa ló gbọ́. Àwọn náà gbọ́.

Ìyá ní, "Ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i kó wá ṣí i. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ti ìyá tó bí i."

Mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mí ní etí mi. Ẹnì kan nínú wọn bú ìyá, ó ń bú u bí ẹni tó ń sunkún. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń lọ, wọ́fẹ́wọ́fẹ́ nínú erùpẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ òun lórin nígbà tí àwọn ọmọ òun bá ń lọ pọnmi.

Nígbà tó ṣókùnkùn, bàbá mi àti aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó ń tajà láti Ìjerò sí Ayétòrò, fi obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò akẹ́rù, wọ́n gbé wọn kúrò. Kò pẹ́ tí àwọn ṣọ́jà fi gba ìjọba, ìjà náà sì rọlẹ̀. Bàbá oníkòkó kò padà wá gbé ìlú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà kú, ìyàwó rẹ̀ kékeré yẹn wá, ó jókòó sí àárín àwọn obìnrin, ó gbè é fún ìyá mi, tó ń dá a báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní orin nínú fóònù wọn ju ohun tí gbogbo ìlú wa lè kọ ní ọdún kan lọ, mo sì ń gbádùn púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ ìwé nípa àwọn ogun wa pẹ̀lú, mo ti ka díẹ̀, olóyè wa ṣì kò sí níbẹ̀. Ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu. Mo máa ń tẹ́tí sí àwọn olórin ayé òde òní nígbà tí wọ́n bá ń ki àwọn ènìyàn ńlá, mo sì mọ díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kì. Mo mọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Láyé ìgbà tiwa, irú wọn á máa bẹ̀rù ọjọ́ tí obìnrin kan yóò jókòó sídìí òfì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Lónìí, wọ́n ń jáde síwájú ilù ní ọ̀sán gangan, wọ́n ń gbọ́ orúkọ ara wọn, wọ́n sì ń jó.